Fèrèsé Kẹsàn-án

Bọ́tìnì náà tún gbọ̀n lábẹ́ ìka Àríyíkẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí gbọ̀ngàn iṣẹ́ láàárọ̀. Kò gbójú sókè, kò sì mí kanlẹ̀. Ó ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé eṣinṣin lásán ló bà lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń ṣírò. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni omi wà nígbà tó wọlé, ó ti di mọ́kànlá báyìí. Bó bá di méjìlá, yóò wọ ilé àwọn tó wà létí odò. Bó bá di mẹ́rìnlá, ó di ilé ẹ̀gbọ́n òun.

"Ẹ dáwọ́ iṣẹ́ dúró!" Ohùn kan ké láti ẹnu ọ̀nà. "Olùyẹ̀wò ti dé."

Gbogbo ìka dúró lórí bọ́tìnì. Èèyàn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló jókòó síbẹ̀, kálukú níwájú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Lẹ́yìn kálukú ni ògiri dígí wà, tó ń fi gbogbo ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà náà hàn fáyé rí. Fèrèsé tó o bá ṣí níwájú ti ṣí lẹ́yìn. Lẹ́tà tó o bá ń kọ, ẹni tó ń gbé tíì kọjá yóò kà á, yóò tiẹ̀ bá ọ tún àmì rẹ̀ ṣe bó bá jẹ́ aláfojúdi. Lókè ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà-gadagba pé: ẸNI TÍ KÒ ṢE IBI KÌ Í TI FÈRÈSÉ. Ọdún kejìlá rèé tí Òfin Ojú Gbangba ti délé ní Òkè-Àlàáfíà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ̀ pé ayé kan ti wà rí tí èèyàn lè fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ bo ohun tó ń ṣe.

Olùyẹ̀wò náà ga, ó tín-ín-rín, ewú ti ń yọ ní ẹ̀bátí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan sábẹ́ abíyá, kò ju àwo ìjẹun lọ. Ọ̀gá Ṣówándé, obìnrin tó ń darí gbọ̀ngàn náà, ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń fi aṣọ ìnujú nu ọrùn.

"Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa," ni Ọ̀gá Ṣówándé wí. "Ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n gbé wá lónìí. Èyí kì í wo dígí bíi tàtijọ́. Mímí kọ̀ǹpútà ló ń gbọ́. Ohunkóhun tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, yóò kà á, wọ́n á wá fi wé iye fèrèsé tó wà lára dígí yín. Bó bá dọ́gba, kò sọ́rọ̀. Bí kò bá dọ́gba..."

Kò parí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó parí ẹ̀.

Àríyíkẹ́ yíjú wẹ̀yìn. Fèrèsé mẹ́jọ ló wà lára dígí tirẹ̀: àwòrán òjò, àkọsílẹ̀ àwọn ìlú, lẹ́tà méjì tí wọn ò tíì dáhùn, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án ló ṣí. Ìkẹsàn-án kò sí lójú kọ̀ǹpútà, kò sí lára dígí, kò sì sí nísàlẹ̀ níbi tí àwọn tí èèyàn bá gbé tì máa ń tò sí. Síbẹ̀ kò kú, kò sì sùn. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀ níbi tí ojú kankan kò dé.

Látóyè tó ń jókòó sápá òsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kọ ètò tó ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìbòjú ló pè é. Ètò kékeré ni. Tó o bá fọwọ́ òsì tẹ bọ́tìnì mẹ́ta pọ̀, fèrèsé tó wà níwájú rẹ á di àwátì. Tó o bá tún un tẹ̀, á padà wá. Látóyè ò fi ṣe nǹkan burúkú. Ó kàn fẹ́ ka lẹ́tà ìyàwó rẹ̀ tó wà lókè òkun ni, kí gbogbo gbọ̀ngàn má máa bá a kà á. Yóò fi lẹ́tà náà pamọ́, ohùn ìyàwó rẹ̀ yóò sì máa kà á sí i létí nínú ẹ̀rọ tó kì bọ etí. Ìbòjú kọ́ ló sì tú u fó lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, ẹ̀rín ni. Wọ́n rí i tó ń rẹ́rìn-ín sí kọ̀ǹpútà tí kò sí nǹkan ẹ̀rín kankan lójú ẹ̀. Wọ́n gba káàdì rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ní káàdì, kò sí ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún un ní Òkè-Àlàáfíà, ì báà ṣe ti ilé ara rẹ̀. Kó tó lọ, ó ti fi Ìbòjú sílẹ̀ fún Àríyíkẹ́, torí pé òun nìkan ló mọ ohun tí Àríyíkẹ́ fẹ́ fi í bò.

Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n ni.

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ìjọba ní kí gbogbo ará Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n kó kúrò létí odò, kí wọ́n gòkè wá. Ọ̀pọ̀ ló wá, Àríyíkẹ́ náà wá. Ṣùgbọ́n àwọn bí ọ̀ọ́dúnrún kọ̀ jálẹ̀, Ìbídùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà nínú wọn. "Ibojì ìyá wa ń bẹ níbí," ni Ìbídùn wí lọ́jọ́ náà. "Ṣé kí n kó o sínú báàgì ni?" Nígbà tí ọjọ́ pé, ìjọba pa orúkọ ìlú náà rẹ́ kúrò nínú ìwé. Àtìgbà náà, bí odò bá ń kún, ẹ̀rọ ńlá tó ń ta àwọn ìlú lólobó kì í ta Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n lólobó mọ́. Ibi tí kò sí nínú ìwé, òfin ní kò sẹ́ni níbẹ̀, ẹni tó bá sì ránṣẹ́ síbẹ̀, òkú ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ń kẹ́rù lọ, wọ́n gbàgbé nǹkan méjì. Wọ́n gbàgbé ọ̀pá ìwọn-omi tí wọ́n rì mọ́ àárín odò, tó ní ojú, tó sì ń ka omi tọ̀sán-tòru. Wọ́n sì gbàgbé fèrè ńlá tó wà lórí òrùlé ilé ìwé lókè. Kò sẹ́ni tó sọ fún méjèèjì pé ìlú ti parẹ́. Látóyè ló bá Àríyíkẹ́ so fèrèsé kan mọ́ wọn. Bí omi bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan gòkè, bọ́tìnì kan lábẹ́ ìka rẹ̀ á gbọ̀n. Bó bá wá fẹ́ fọn fèrè, ó di dandan kó kọ́kọ́ mú fèrèsé náà jáde, nítorí wọ́n ti mú Látóyè lọ kó tó rí ibẹ̀ yẹn tún ṣe. Títí di òní, aago kan ọ̀sán ló ń dúró dè, nígbà tí wọ́n bá pa ògiri dígí tí gbogbo èèyàn lọ jẹun. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fọn ọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì sá gòkè kí omi tó dé.

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ló ń lù báyìí.

Olùyẹ̀wò ti dé ìlà kejì. Yóò gbé ẹ̀rọ náà lé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, yóò tẹ́tí, yóò wo dígí, yóò sì kọjá. Mẹ́fà, mẹ́fà. Mẹ́wàá, mẹ́wàá. Àwọn tó ti kọjá níwájú wọn ń mí bí ẹni tó gbẹ́rù sọ̀.

Bọ́tìnì gbọ̀n. Méjìlá.

Ó wo aago. Kí omi tó ti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án dé mẹ́wàá gba ogójì ìṣẹ́jú. Láti mẹ́wàá sí mọ́kànlá gba ìdajì rẹ̀. Èyí kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi náà ń sáré.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyáàfin." Olùyẹ̀wò ti dúró tì í. "Kí lorúkọ yín?"

"Àríyíkẹ́ Ọdẹ́kúnlé, sà."

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Mo ń ka òjò, sà. Mo máa ń sọ ibi tó máa rọ̀ sí àti bó ṣe máa pọ̀ tó."

Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Ó tẹ́tí. Ó gbójú sókè wo dígí, ó fi ìka ka àwọn fèrèsé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tún wo ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀rọ náà lé àyà, kí Ọ̀gá Ṣówándé tó wà lápá kejì má baà rí ohun tó wà lójú rẹ̀.

"Mẹ́sàn-án ló ń mí níbí," ó wí jẹ́jẹ́. "Mẹ́jọ ni mo rí."

"Bóyá aago ni, sà. Aago kì í ní fèrèsé."

"Mo ti yọ aago kúrò kí n tó kà."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń tún okùn bàtà ṣe.

"Ẹ gbọ́. Ilé iṣẹ́ kẹrin tí mo dé lọ́sẹ̀ yìí nìyí. Èèyàn mẹ́fà ni mo ti kọ orúkọ wọn. Ọ̀kan ń ta ayò lábẹ́lẹ̀, ọ̀kan ń wo àwòrán ọmọ rẹ̀ tó ti kú. Mi ò fẹ́ kọ ìkeje. Ẹ̀rọ yìí máa ń ṣì í kà tó bá gbóná, gbogbo wa la mọ̀. Mo fẹ́ lọ mu omi níbi ìkòkò tó wà lẹ́bàá ògiri yẹn. Tí mo bá padà dé, màá tún un kà. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ ló ń mí, mẹ́jọ ni màá kọ sílẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, sà."

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ síbi omi wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ojú ló ń rójú ṣàánú. Àríyíkẹ́ mọ̀ pé àánú nìyẹn, àánú tó lè máà tún rí gbà mọ́ láyé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa tẹ bọ́tìnì tó wà lápá ọ̀tún, fèrèsé kẹsàn-án á kú, kò sì ní sí àpẹẹrẹ pé ó wà rí. Ṣùgbọ́n tó bá kú, kò tún jí mọ́. Látóyè nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ ọ̀pá inú odò, Látóyè sì ti lọ síbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ó rántí Tiwalolú, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń bọ̀ wá pé ọdún mẹ́rìndínlógún lóṣù tó ń bọ̀. Káàdì ìyá ló ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé fún ọmọ. Tí wọ́n bá gba káàdì yẹn, ibo ni Tiwalolú yóò wọ̀ lọ́la? Ó bi ara rẹ̀ bóyá àwọn ará Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n lè ti rí omi fúnra wọn. Ojú wọn ṣáà wà lára. Ó tún rántí pé ọjọ́ ọjà ni, pé gbogbo wọn yóò ti sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì tó wà lẹ́yìn ilé ọlọ́tí, níbi tí èèyàn kì í ti rí odò àfi bó bá dé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìbídùn kò sì dára. Ó máa ń wọ́ ọ ni.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè gbé ife. Ó ń bomi sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú.

Bọ́tìnì gbọ̀n. Mẹ́tàlá.

Ọwọ́ ọ̀tún Àríyíkẹ́ ti wà lórí bọ́tìnì tí yóò pa á. Ó gbé ọwọ́ náà kúrò. Ó fi ìka mẹ́ta ọwọ́ òsì tẹ mẹ́ta pọ̀.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni fèrèsé kẹsàn-án yọ, ó sì yọ lára dígí lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ. Odò ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, omi pupa bí ẹrẹ̀, ó ń hó, ó ń gbé igi lódindi àti òrùlé ilé adìẹ kan lọ. Lókè rẹ̀ ni nọ́ńbà wà: 13.

"Yéè! Omi!" ẹnìkan pariwo ní ìlà iwájú.

Àríyíkẹ́ tẹ ibi tí wọ́n kọ "Fọn Fèrè" sí. Ẹ̀rọ bi í pé: *Ṣé ó dá ọ lójú?* Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tún bi í pé: *Kò sí ìlú kankan níbí. Ṣé o ṣì fẹ́ fọn ọ́n?* Ìka rẹ̀ yọ̀ nínú òógùn, ó ṣì í tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni.

*Fèrè ń dún.*

"Àríyíkẹ́!" Ọ̀gá Ṣówándé ti sáré dé, gèlè rẹ̀ ti tú. "Kí lo ń ṣe yìí? Ta lò ń fọn fèrè fún? Kò sẹ́ni níbẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, mà."

Ọ̀gá Ṣówándé wo dígí, ó wo obìnrin tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọdún méje. Ó wá na ọwọ́ sí ògiri, ó sì pa iná. Odò náà parẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, níbi tí aráàlú ti máa ń fi tẹlifóònù béèrè òjò láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n mú Àríyíkẹ́ lọ. Wọ́n bọ́ káàdì lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó na ìwé ìyẹ̀wò sílẹ̀, ó ń kọ ọ́. Òjò ti ń rọ̀ níta. Kò sí fèrèsé nínú yàrá náà, irú èyíkéyìí.

Ọkùnrin náà dá kálàmù dúró.

"Ẹ̀yìn mi ni mo yí sí yín."

"Mo rí i, sà. Ẹ ṣeun."

"Kí ló dé tẹ́ ò pa á?"

"Tí mo bá pa á, ta ló máa sọ fún wọn?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Àríyíkẹ́ ń wo aago ara ògiri. Ìdajì wákàtí. Wákàtí kan. Ó ti gbọ́ pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ṣùgbọ́n òun ò lè sunkún, kò sì rí nǹkan kan. Kò mọ̀ bóyá fèrè dún pẹ́ kí wọ́n tó pa iná. Kò mọ̀ bóyá ọ̀pá náà ṣì dúró. Ẹsẹ̀ bàtà kẹrìnlá yóò ti kọjá, ìka òun kò sì sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Tẹlifóònù tó wà lórí tábìlì dún.

Àwọn méjèèjì fò sókè. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti pe nọ́ńbà yẹn gbẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta.

"Ẹ ǹ lẹ́ o? Ẹ ǹ lẹ́?" Ohùn ọkùnrin àgbàlagbà ni, ó ń mí gúlegúle. "Òkéowó rèé o, tíṣà Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n. A gbọ́ fèrè. A ti wà lókè ilé ìwé. Omi ti gbé ọjà lọ, ó ti gbé gbogbo ilé ìsàlẹ̀. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ọ̀gá Ṣówándé ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ gbé e sílẹ̀, sà," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò sí irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ máa kó sí i."

Ọkùnrin náà wo tẹlifóònù. Ó wo ìwé iwájú rẹ̀. Ó fi kálàmù kan ibì kan nísàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí wọ́n kọ "Orúkọ Àwọn Tí Ọ̀rọ̀ Kàn" sí.

"Tíṣà," ó ní, "Ajíbóyè lorúkọ mi, olùyẹ̀wò ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orúkọ gbogbo ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín fún mi. Ẹ rọra kà á, mò ń kọ ọ́ ni."

"Ìwé ìyẹ̀wò nìyẹn, sà!" Ọ̀gá Ṣówándé ké. "Olú-ìlú ló ń lọ!"

"Mo mọ̀, mà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wọbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún lè ní kò sí láyé, odò rẹ̀ sì di odò tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Wọ́n ní obìnrin yìí bá ẹnìkan sọ̀rọ̀. Ṣé mo lè kọ ẹ̀sùn kí n má kọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀?" Ó tẹ kálàmù mọ́ ìwé. "Ẹ máa wí, Tíṣà."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ó ka ìdílé rẹ̀, ó ka àwọn ọmọ ilé ìwé, ó ka ọlọ́tí àti ìyàwó rẹ̀, ó ka abiyamọ kan àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin tí kò tíì lórúkọ. "Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin," ni Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wí fún ara rẹ̀, ó sì kọ ọ́. Àríyíkẹ́ di etí tábìlì mú. Ogún. Ogójì. Ọgọ́ta. Gbogbo orúkọ tí kì í bá ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gún un láyà, ojú sì ń tì í pé ó ń gún un, nítorí èèyàn ni gbogbo wọn. Ìwé àkọ́kọ́ kún. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè na ọwọ́ láìgbójú sókè. Ọ̀gá Ṣówándé mí kanlẹ̀, ó sì lọ mú ìwé mìíràn wá.

Nígbà tó di àádọ́jọ ó lé mẹ́ta, Tíṣà dánu dúró.

"Àwọn tó kù ṣì ń bọ̀ lọ́nà," ó ní. "Àwọn tí kò lè sáré."

Láti inú tẹlifóònù, wọ́n ń gbọ́ òjò tó ń lu páànù, wọ́n ń gbọ́ ọmọdé tó ń ké, àti ẹnìkan tó ń pe ẹnìkan. Àríyíkẹ́ pa ojú dé. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ lórí sìmẹ́ǹtì, àti ohùn obìnrin tó ń bínú.

"Ẹ gbé nǹkan yẹn fún mi. Mo ní ẹ gbé e fún mi, Tíṣà! Ta ló fọn fèrè yẹn lágogo mẹ́wàá àárọ̀? Àríyíkẹ́? Àríyíkẹ́, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Àǹtí mi." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ.

Ìbídùn kì í ṣe aṣiwèrè. Ó mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá fọn fèrè nígbà tí dígí ṣí. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ìbínú ti kúrò lóhùn rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

Àríyíkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè kò wò ó. Ó ti tẹrí ba sórí ìwé, ó ń kọ orúkọ tó gbọ́.

"Ẹ dá wọn lóhùn," ó ní. "Mo ti kọ wọ́n sílẹ̀."

Àríyíkẹ́ nu ojú rẹ̀, ó sún mọ́ tẹlifóònù náà.

"Rárá, Àǹtí mi," ó ní. "Mi ò tíì jẹun."